Ẹ Kó Igi Yín Kúrò, Àlejò Fẹ́ Gbin Igi

Èmi ni mò ń se oúnjẹ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kamwangu. Ìyá Mbogo ni gbogbo ayé ń pè mí. Ilé ìdáná mi àti ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé fara kanra, pákó tó sì wà láàárín wa ti sán, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ tí mi ò gbọ́. Mi ò kì í ṣe olófòófó o. Etí ni ò ní ìdérí.

Odò Kamwangu ń ṣàn kọjá ní ìsàlẹ̀ ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó wá síbí, omi rẹ̀ máa ń dé ìbàdí, àwọn obìnrin a sì di ara wọn lọ́wọ́ mú kí wọ́n tó kọjá. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ oko dé, wọ́n ní kí a gé àwọn igi àtijọ́ tó wà létí odò, kí a gbin igi bulugọ́ọ̀mù dípò rẹ̀, pé òun ni igi ọ̀làjú. A gbìn ín. Igi náà ga, ó gún régé, ó sì ń mu omi bí ẹni tó ń bá ẹlòmíì díje. Nígbà tí ojú wa máa là, adìyẹ lè kọjá odò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má tutù. Àwa fúnra wa la sọ igi náà ní Amudògbẹ.

Òfin ilé-ìwé wa ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré kan dání láràárọ̀. Omi yẹn ni mo fi ń se githeri wọn, ìyẹn àgbàdo àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀. Ọmọ tí kò bá gbómi wá, ojú rẹ̀ ni yóò fi jẹun.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹfà tó ń jẹ́ Igoki. Àwọn òbí rẹ̀ ń já ewé tíì lókè ọ̀hún, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, Cucu Ciarunji, ló ń gbé; Cucu là ń pe ìyá àgbà. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe alárìíwo, àmọ́ bó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, àfi kí o dáhùn tàbí kí o sá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kejì, nígbà tí ọ̀dá mú, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ síwájú mi. Mo dà á sínú ìkòkò. Ẹrẹ̀ ló dà jáde.

Mo ní, “Igoki, ṣé ẹrẹ̀ ni kí n fi se ẹ̀wà?”

Ó ní, “Ìyá Mbogo, ohun tí odò fún mi nìyẹn. Cucu ní odò ò tíì kú, a bọ́ ọ láṣọ ni.”

Mwalimu Nyaga wà ní ilé ìdáná mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tíṣà tó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì ni, ọ̀dọ̀ mi ló sì máa ń sá pamọ́ sí mu tíì tí ọ̀gá bá ń wá a. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ lórí ànfààní igi, láti inú ìwé kan tó jẹ́ pé igi ilẹ̀ òkèèrè tí yìnyín bò ló wà nínú àwòrán rẹ̀. Ó gbé ife sílẹ̀.

“Igoki, aṣọ wo ni Cucu ń sọ?”

“Àwọn igi àtijọ́, Mwalimu. Cucu mọ orúkọ gbogbo wọn.”

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, Mwalimu àti ogójì ọmọ wá ilé Cucu Ciarunji lọ. Ìyá arúgbó náà gbé ọ̀pá, ó kó wọn gun ẹ̀yìn òkè níbi tí àwọn igi àtijọ́ díẹ̀ ṣẹ́kù sí. Ó fi igi ọ̀pọ̀tọ́ hàn wọ́n, ó fi igi ọmọ̀ hàn wọ́n, ó fi muiri tí èèpo rẹ̀ dúdú hàn wọ́n. Wọ́n ṣa èso. Mwalimu ní kí àwọn tọ́jú rẹ̀ títí di ìgbà tí ilé-ìwé yóò fi fọwọ́ sí i.

Cucu wò ó. “Ọmọ mi, èso muiri kì í dúró de ìfọwọ́sí. Bó bá gbẹ, ó kú nìyẹn. Lónìí ni kí ẹ gbìn ín, àbí kí ẹ gbé e fún ọ̀bọ.”

Wọ́n gbìn ín lọ́jọ́ náà. Ọ̀rá mílíìkì tí àwọn olùta tíì máa ń jù nù ni àwọn ọmọ ṣà, wọ́n lu ú nídìí, wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ dúdú kún un. Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi ni wọ́n tò ó sí, wọ́n fi ewé ògẹ̀dẹ̀ ṣíji bò ó. Omi tí mo fi fọ ẹ̀wà, wọn ò jẹ́ kí n dà á nù mọ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Ireri, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: kò gba ohunkóhun gbọ́ àfi tí ó bá ní òǹtẹ̀ lára. Nígbà tó rí ọ̀rá mílíìkì rẹpẹtẹ, ó pe Mwalimu.

“Nyaga, ilé-ìwé ni wọ́n ní kí n máa darí, wọn ò ní kí n máa darí ààtàn.”

“Igi ni, sà.”

“Igi dà? Ọ̀rá ni mo rí.”

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, igi ló rí. Ewúrẹ́ wọlé lọ́jọ́ kan, ó jẹ ọgọ́ta nínú rẹ̀ kí a tó lé e. Àwọn ọmọ sunkún bí ẹni tí òbí kú fún. Igoki nìkan ni ò sunkún. Ó gbé àdá, ó lọ gé ẹ̀gún, ó fi ṣe ọgbà yí i ká. Nígbà tí òjò ńlá oṣù kẹrin ọdún kejì dé, wọ́n kó ọ̀ọ́dúnrún igi sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì gbìn ín sí etí odò ti ilé-ìwé, níbi tí a ti gé Amudògbẹ tiwa ṣe òrùlé kíláàsì. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, àwọn igi náà ti ń dé ìbàdí Igoki, koríko tútù sì ti ń bo ilẹ̀ tó ń wó lọ sínú omi tẹ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni lẹ́tà dé. Ó ní òǹtẹ̀ mẹ́ta.

Ìdúró ni ọ̀gá wa wà tó fi kà á. Mo gbọ́ bí àga rẹ̀ ṣe lọ sẹ́yìn. Mheshimiwa, ìyẹn ọlọ́lá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igi àti omi ní gbogbo agbègbè wa, fẹ́ wá fúnra rẹ̀, kí ó gbin igi sí “etí odò Kamwangu tí ó ti di ahoro.” Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lójú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ àtíbàbà wà, ìgbìmọ̀ ẹran ewúrẹ́ wà, ìgbìmọ̀ orin wà, ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ àwọn ìgbìmọ̀ yòókù náà sì wà. Mo bi í bóyá ìgbìmọ̀ igi wà. Ó ní igi kọ́ ló ń bọ̀, Mheshimiwa ni.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àlejò dé, àwọn aláṣẹ méjì láti ọ́fíìsì rẹ̀ wá wo ibẹ̀. Wọ́n so táì mọ́rùn, ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dé etí odò, wọ́n dúró.

Èyí tó ga nínú wọn ní, “Ọ̀gá, ìṣòro wà o.”

Ọ̀gá wa yára sún mọ́ ọn. “Ìṣòro wo, sà?”

“Igi wà níbí.”

“Àwọn ọmọ wa ló gbìn ín, sà.”

“Mo rí i. Àmọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ wa sọ pé ahoro ni. Mheshimiwa ò lè wá tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.”

Ọ̀gá wa ní, “Kò burú, sà, a ó bà á jẹ́.” Ó wúkọ́. “Mo ní, a ó tún un ṣe.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló kó gbogbo àwọn ọmọ jọ sí etí odò. Mwalimu Nyaga ti bẹ̀ ẹ́ títí nínú ọ́fíìsì, mo sì gbọ́ ìdáhùn tó fún un: “Ṣé ìwọ ni yóò kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n máà wá?” Ọ̀gá gòkè sórí òkúta.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kó igi yín kúrò. Àlejò fẹ́ gbin igi.”

Igoki nawọ́ sókè.

“Sà, kí nìdí tó fi fẹ́ gbìn ín?”

“Kí etí odò lè ní igi.”

“Àmọ́, sà…”

“Igoki, jókòó!”

“Ìta la wà, sà. Kò sí àga.”

Àwọn ọmọ fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta, ó ní ibi tí ojú òun ò bá ti ní rí i ni kí wọ́n kó o lọ, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Wọ́n hú u. Mo fi ìkòkò mi sílẹ̀, mo lọ bá wọn hú u. Mwalimu ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi iyẹ̀pẹ̀ bo gbòǹgbò. Igoki hú ti ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ dì í, ó gbé e lé orí, ó sì ṣáájú wa gba ọ̀nà òkè odò lọ, sí ilẹ̀ ìyá ìyá rẹ̀. A tẹ̀ lé e.

Cucu Ciarunji dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ogójì ọmọ tí wọ́n ru igbó bọ̀.

“Ṣé ogun lé yín ni?”

Igoki ní, “Rárá, Cucu. Àlejò ni.”

Cucu ní, “Ọ̀kan náà ni.”

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó fi etí odò tirẹ̀ hàn wọ́n. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń gbìn ín, síbẹ̀ díẹ̀ kù.

Ọjọ́ pé. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní Mheshimiwa máa dé. Àwọn ọmọ ti tò láti aago méje, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀. Oòrùn pa wọ́n, lẹ́yìn náà òjò pa wọ́n, oòrùn tún padà wá láti wò ó bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ìjọba ló kọ́kọ́ dé, ó kó igi kéékèèké tí gígùn wọn dọ́gba bí ìṣáná. Mo já ewé kan, mo fọwọ́ ra á, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn oògùn ọ̀fìnkìn! Mo sáré bá ọ̀gá.

“Ọ̀gá, Amudògbẹ ni wọ́n kó wá o.”

“Ìyá Mbogo, ẹ lọ wo ìkòkò yín.”

Aago mẹ́ta ku díẹ̀ ni Mheshimiwa dé pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́jọ. Wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa lórí ẹrẹ̀ títí dé etí odò. Wọ́n ti gbẹ́ ihò, wọ́n ti fi igi sínú rẹ̀, wọ́n ti bò ó ní ìdajì. Wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ṣọ́bìrì kan, Mheshimiwa sì fi bu iyẹ̀pẹ̀ tí kò kún ṣíbí. Ẹnì kan di agbòòrùn mú fún un, ẹnì kan ń nu bàtà rẹ̀. Àwọn oníkámẹ́rà ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

Igoki ni wọ́n yàn pé kó ka ìwé ìdúpẹ́, torí pé ohùn rẹ̀ mọ́ geere. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé náà. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Mheshimiwa, ẹni tí ó dá odò wa padà…” Ó wo odò. Ó tún wo ìwé.

Mheshimiwa rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì kọjú sí àwọn oníkámẹ́rà.

“Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Ó dáa, ṣé o mọ orúkọ igi tí mo gbìn yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“Sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́.” Ó gbé maikirofóònù sí i lẹ́nu.

“Amudògbẹ ni, sà. Òun ló mu omi odò wa tán. Ẹ ti gbin ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún méjì ló kù nínú ọkọ̀.”

Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè gbé e mì. Mheshimiwa wo àwọn aláṣẹ, àwọn aláṣẹ wo ọ̀gá wa, ọ̀gá wa wo bàtà ara rẹ̀. Mo ní, ó parí, wọn yóò lé ọmọ yìí kúrò nílé-ìwé.

Àṣé mi ò mọ olóṣèlú. Mheshimiwa rẹ́rìn-ín kèékèé.

“Ìdánwò ni! Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wá ni, kí n lè mọ̀ bóyá ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa dáadáa. Wọ́n yege!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn aláṣẹ méjèèjì pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ.

“Níbo wá ni igi ìbílẹ̀ tiwa wà?”

Ọ̀gá Ireri fò síwájú. “Ó wà, Mheshimiwa! Èmi fúnra mi ni mo ní kí àwọn ọmọ kó o lọ síbi tó láàbò.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mheshimiwa sọ ọ́ nínú maikirofóònù pé kí wọ́n mú òun débẹ̀ nísinsìnyí. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó kábàámọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, torí kò sí kápẹ́ẹ̀tì lọ́nà òkè odò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Ó ń lọ, àwa náà ń tẹ̀ lé e. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ gba bàtà rẹ̀ ọ̀tún. Àwọn oníkámẹ́rà ti gbọ́ òórùn ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n ń yan, wọ́n ní òjò lè ba kámẹ́rà jẹ́, wọ́n padà. Àwọn aláṣẹ náà ní àwọn yóò dúró ṣọ́ àwọn oníkámẹ́rà.

Cucu Ciarunji wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń gbin èyí tó kù.

“Ìwọ yẹn! Gbé ẹsẹ̀ rẹ! Ọmọ ọ̀pọ̀tọ́ lo tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn!”

Ọmọ ẹ̀yìn kan sáré dé. “Cucu, Mheshimiwa lẹ ń bá wí o.”

“Mheshimiwa kì í fẹsẹ̀ rìn. Má pa irọ́ fún àgbà.” Ó kọjú sí àlejò. “Ọmọkùnrin, ikùn rẹ tóbi, o máa lágbára. Gbé kẹ́ẹ̀gì omi yẹn bọ̀ níbí.”

Àwọn ìyá bí àádọ́ta ló ń wò ó, gbogbo wọn ló sì ní káàdì ìdìbò. Mheshimiwa bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì. Igoki kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kọ́ ọ: kí ihò jìn dé ìgúnpá, kí ó fọwọ́ gba iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ igi náà kó má fọ́, kí ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá bò ó tán. Igi àkọ́kọ́ tó gbìn wọ́.

“Hú u, kí o tún un gbìn,” ni Cucu wí.

Ó hú u, ó tún un gbìn. Nígbà tó gbin ẹ̀kẹta, kò wọ́ mọ́. Òógùn bo ojú rẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà, ó dà bí ojú ọmọ tí wọ́n fún ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó bi Igoki jẹ́jẹ́ pé, “Ìgbà wo ni èyí yóò ga?”

“Tí mo bá parí ilé-ìwé girama, sà, á ga jù yín lọ.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ó pẹ́ ju ìbò lọ.”

Cucu bu ògì fún un nínú igbá. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ kan láìní bàtà padà sọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò kankan.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn gbé àwòrán ṣọ́bìrì oníríbọ́ọ̀nù jáde. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Mheshimiwa sọ etí odò Kamwangu di ọ̀tun. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, lẹ́tà méjì dé. Ọ̀kan fún Ọ̀gá Ireri ní ìwé ẹ̀rí lórí ìtọ́jú igi ìbílẹ̀. Èkejì bi Mwalimu Nyaga pé kí nìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi dójú ti ìjọba níwájú àlejò. Mwalimu kọ èsì ojú ìwé mẹ́rin. Mo gbọ́ tó ń kà á fún ara rẹ̀, ó dùn, ó gún wọn lára. Lẹ́yìn náà ó fà á ya, ó kọ “Mo tọrọ àforíjì,” torí ó mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé òun lọ sí ilé-ìwé mìíràn, kò sẹ́ni tí yóò dúró ti àwọn ọmọ.

Ọ̀gá ti fọwọ́ sí ìwé gba ẹgbẹ̀rún méjì Amudògbẹ, kò sì lè jù ú nù. Ojoojúmọ́ ló ń wò ó, kò rí oorun sùn. Cucu ló gbà á là. Ó ní igi ò ṣẹ̀, ibi tí wọ́n gbìn ín sí ló ṣẹ̀. Kí wọ́n kó o lọ sórí òkè olókùúta, níbi tó jìnnà sí omi, kó máa fún wa ní igi ìdáná. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí Mheshimiwa gbìn nìkan ló kù létí odò, torí kò sẹ́ni tó láyà láti hú igi ìjọba. Àwọn ọmọ tún ṣa èso, wọ́n sì gbin ọ̀pọ̀tọ́ yí i ká.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Igoki ti wà ní ilé-ìwé girama nígbà tí wọ́n pè é sí ìpàdé ńlá kan ní ìlú Embu, pé kó wá sọ̀rọ̀ nípa odò. Ọ̀gá Ireri sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Àwọn mẹ́fà mìíràn sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n fún Igoki ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó lo méjì. Ó sọ pé láti oṣù kejì tó kọjá, omi ò gbẹ mọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ Cucu, pé àkèré ti padà síbẹ̀, àti pé tí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn odò yòókù rí bẹ́ẹ̀, èso muiri ti pọ́n lọ́sẹ̀ yìí, kò sì ní dúró dè wọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé sí i.

Mo bi í bóyá inú bí i. Ó ní, “Ìyá Mbogo, mi ò ráàyè bínú.” Òjò ti ń kán sílẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà ilé-ìwé rẹ̀, ó fi há abíyá, ó sì gba etí odò gòkè lọ bá Cucu ṣa èso muiri.